Ibrahim Imam, Ọmọ Yerwa tí Àwọn Tiv Rán lọ sí Kàdúná

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n bá òyìnbó amúnisìn fà á títí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní ọdún 1960, Herbert Macaulay ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, lẹ́yìn rẹ̀ Nnamdi Azikiwe àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. A ó sì wá fi Ahmadu Bello, Tafawa Balewa àti Aminu Kano kún un kí àwọn ará Òkè Ọya má baà sọ pé a fo àwọn dá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rántí Málàmù Ibrahim Imam ti Maiduguri. Bẹ́ẹ̀ òun ni olórí àwọn alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Kàdúná ní àkókò tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá tako ìjọba níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ojú rere àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Òun kan náà ni ó gba igi ọ̀pẹ, àmì ẹgbẹ́ Action Group, wọ ìlú kan tí ó jìnnà sí Ìbàdàn ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Ó yẹ kí àwa tí a ń ka èdè Yorùbá mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ọdún 1916 ni a bí i ní Yerwa. Yerwa ni orúkọ tí àwọn Kànúrí ń pe ìlú tí àwa mọ̀ sí Maiduguri. Ìletò kan tí ó wà nítòsí ibẹ̀ ni ó ń jẹ́ Maiduguri, àwọn òyìnbó ni wọ́n sì sọ orúkọ náà di ti gbogbo ìlú. Nígbà tí a bí Ibrahim, Yerwa kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ó ti di ìlú ọba. Kukawa ni ààfin Shehu wà tẹ́lẹ̀ rí. Jagunjagun kan tí ń jẹ́ Rabih, tí ó ti ilẹ̀ Sudan wá, ni ó ṣẹ́gun Borno ní ọdún 1893, tí ó sọ Kukawa di ahoro, tí ó sì fi Dikwa ṣe ibùjókòó ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé ni wọ́n pa á ní Kousseri ní ọdún 1900. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí oyè Shehu Abubakar Garbai, òun náà sì kó ààfin rẹ̀ wá sí Yerwa ní ọdún 1907. Títì fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dandal ni ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ààfin náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtàn àtijọ́, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí ọkùnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún kò ní yé wa. Ìjọba Borno ti wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Usman dan Fodio tó gbé ogun ẹ̀sìn dìde. Ní ọdún 1808 àwọn ajagun ẹ̀sìn náà gba Ngazargamu, olú ìlú Borno nígbà náà. Muhammad al-Amin al-Kanemi, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀sìn, ni ó kó ogun jọ tí ó sì lé wọn sẹ́yìn. Láti ìdílé rẹ̀ ni àwọn Shehu ti jáde. Ohun tí ogun Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 jẹ́ fún ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí kò jẹ́ kí àwọn ajagun Ìlọrin kọjá ibi tí wọ́n dé, ni ogun al-Kanemi jẹ́ fún Borno. Ó pàdánù díẹ̀ nínú àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan kúnlẹ̀ fún Ṣókótó. Àwọn òyìnbó ni wọ́n wá da gbogbo wọn pọ̀ sí abẹ́ ìjọba Àríwá kan ṣoṣo. Nígbà tí ó wá di pé Sàdáúná Ṣókótó ni yóò jẹ́ olórí ìjọba náà, ọ̀rọ̀ tí ó ti sùn láti ayé al-Kanemi tún jí.

Ibrahim lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ láti tọ́ àwọn tí yóò di tíṣà àti òṣìṣẹ́ gíga ní Òkè Ọya. Ibẹ̀ náà ni Ahmadu Bello, Tafawa Balewa àti Kashim Ibrahim, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yerwa, ti kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìṣèlú dé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n dojú kọ ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òpè tí kò mọ̀wé ni Ibrahim Imam, tàbí pé ará ìta ni.

Nígbà tí ó kúrò ní Katsina, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Borno, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní N.A., ó sì ga títí ó fi di alábòójútó ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Kí òǹkàwé tó lè mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ó mọ bí agbára N.A. ti pọ̀ tó. Shehu ni ó wà lókè, Waziri tẹ̀ lé e. Lábẹ́ wọn ni àwọn Ajia tí ń ṣàkóso ẹkùn, lábẹ́ Ajia ni àwọn Lawan, lábẹ́ Lawan ni Bulama tí ó mọ olúkúlùkù baálé ní àdúgbò rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gba owó orí, àwọn ni wọ́n ń ka màlúù fún owó jangali. N.A. ni ó ni ọlọ́pàá, ó ni kóòtù, ó sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí tálákà kan bá sọ̀rọ̀ sí Ajia, dógarì ni yóò mú un, alíkálí tí N.A. ń sanwó fún ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n N.A. ni yóò sì sùn. Lọ́yà kankan kò sì gbọdọ̀ dúró fún un ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bẹ lókè gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó orí bá ti pé, tí ìlú sì tòrò, kì í sábà bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí ó bá ń bójú tó ọ̀nà, ilé àti iṣẹ́ tí N.A. ń gbé jáde kò sì lè ṣàìmọ ibi tí owó ìlú ń gbà lọ.

Ìbò àkọ́kọ́ tí ó dà bí ìbò ní Òkè Ọya ni ti ọdún 1951. Kì í ṣe ará ìlú ni ó ń yan aṣòfin ní tààrà. Àwọn ará abúlé yóò yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyẹn yóò yan àwọn mìíràn, títí yóò fi dé ìgbìmọ̀ tí ó kẹ́yìn. Ọba sì ní ẹ̀tọ́ láti fi àwọn ènìyàn tirẹ̀, tí wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, kún ìgbìmọ̀ náà. Àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá. Ó di ọdún 1976 kí wọ́n tó dìbò ní Àríwá. Irú ìbò báyìí ni Ibrahim Imam fi wọ Ilé Ìgbìmọ̀ ní Kàdúná, èyí tí ó fi hàn pé àwọn àgbà Borno kò tíì rí i bí ọ̀tá. Ẹgbẹ́ NPC, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ àṣà àwọn ọmọ Àríwá, ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọdún náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1952, Ibrahim Imam ni akọ̀wé àgbà rẹ̀.

Ipò kékeré kọ́ ni èyí. Ó wà ní ojú ọ̀nà láti di mínísítà bí ó bá ti lè pa ẹnu mọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin tí wọ́n jọ wà nílé náà ni wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ N.A.; ọwọ́ ọba wọn ni wọ́n ti ń gba owó oṣù, nítorí náà wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò padà sílé. Ibrahim Imam náà ń gba owó N.A., ṣùgbọ́n ó dìde nínú Ilé, ó sì sọ àbùkù N.A. Borno fún gbogbo ayé gbọ́. Kò sí ọkọ̀ ojú irin ní Maiduguri nígbà náà, ọdún 1964 ni ó dé ibẹ̀. Láti Kàdúná padà sílé, ju 700 kìlómítà ni ènìyàn yóò rìn lójú títì eléruku. Mo máa ń rò ó pé lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà yóò ti ráyè ro ohun tí ń dúró dè é nílé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ó sọ.

Ní àárín ọdún 1954 ó kọ̀wé fi NPC sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kàwé ní Maiduguri dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Borno Youth Movement, tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Borno. Ibrahim Imam sì di baba ìsàlẹ̀ àti agbẹnusọ wọn. Ohun méjì ni wọ́n ń béèrè. Èkíní ni pé kí a tún ìjọba N.A. ṣe, kí àwọn tí ìlú yàn ní ẹnu nínú rẹ̀. Èkejì ni pé kí a yọ Borno àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kúrò lábẹ́ Kàdúná, kí wọ́n ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Àwọn tí kò fẹ́ wọn sọ pé ọmọdé aláfojúdi ni wọ́n, pé ojú ni wọ́n ń là mọ́ Shehu. Ẹ̀sùn yìí wúwo ní ìlú tí oyè Shehu jẹ́ oyè ẹ̀sìn pẹ̀lú oyè ayé. Síbẹ̀, ìjọba N.A. ni wọ́n dojú kọ. Wọn kò sọ pé kí oyè náà parẹ́. Ìran al-Kanemi gan-an ni wọ́n ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé Borno kò yẹ ní ẹni tí Ṣókótó ń ṣe olórí fún.

Ẹgbẹ́ kékeré kò lè dá ogun jà. Wọ́n bá ẹgbẹ́ NEPU ti Aminu Kano, ẹgbẹ́ àwọn tálákà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Kánò láti ọdún 1950, dòwò pọ̀. Nígbà tí ìbò Ilé Ìgbìmọ̀ Àríwá tún dé ní ọdún 1956, àyípadà kan ti wọ inú òfin: ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ọkùnrin tí ń san owó orí lè dìbò fún aṣòfin wọn ní tààrà. Àyè tí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Borno ń wá nìyẹn. Ní abúlé, Bulama mọ ẹni tí olúkúlùkù dìbò fún. Ní Yerwa, àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ibi tí wọ́n lè fara pamọ́ sí. Ibrahim Imam wọlé fún Yerwa, ní abẹ́ imú ààfin. Òun ni ó sì di olórí alátakò nínú Ilé tí NPC ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu.

Ìyà jẹ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu kóńkó sọ ọ́, nítorí ẹni tí ó jẹ́ aṣòfin ní ààbò díẹ̀, ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó so àmì ẹgbẹ́ mọ́ ara ìsọ̀ rẹ̀ kò ní. Jákèjádò Òkè Ọya ni àwọn alátakò ti ń lọ sí ẹ̀wọ̀n kóòtù alíkálí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ìjà ìgboro ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ NPC àti àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ní Maiduguri, ẹni tí ó bá sì ṣubú sọ́wọ́ ọlọ́pàá N.A. lẹ́yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ẹjọ́ yóò dá sí.

Kí òmìnira tó dé, Ibrahim Imam dá àbá kan nínú Ilé ní Kàdúná pé kí a dá ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù nínú Ilé kò gbà á. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ọdún 1957, tí Sir Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí ẹ̀rù tí ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1958: ó gbà pé ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dámọ̀ràn pé kí a dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn nínú òfin ìlú. Ìwé sì ni ìwé. Alíkálí tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì ni yóò dá ẹjọ́.

Ọdún 1958 náà ni Ibrahim Imam ṣe ohun tí àwọn kan kò dárí rẹ̀ jì í. Ó yọ Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Borno kúrò lẹ́yìn NEPU, ó sì gbé e wá sọ́dọ̀ Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí Awólọ́wọ̀ ń darí. Ojú tí ọmọ Àríwá fi ń wo ẹgbẹ́ náà kò dára. Láti ọdún 1953, nígbà tí Anthony Enahoro dá àbá òmìnira ní Èkó, tí àwọn aṣòfin Àríwá gba èébú ní ìta, tí ìrìn àjò Action Group sí Kánò sì di ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ àrùn. Àwọn ọ̀tá Ibrahim Imam sọ pé owó ni ó tẹ̀ lé. Owó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní mọ́tò àti lọ́yà ju NEPU lọ fíìfíì, ẹni tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n kò sì ní kọ lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìdí pàtàkì rẹ̀ hàn gbangba. NEPU so mọ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, tí ọ̀rọ̀ pípín Àríwá kò jẹ lógún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Aminu Kano sì ń fẹ́ ni kí tálákà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá ní gbogbo Àríwá. Action Group ni ẹgbẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí ó dúró lórí pé kí a dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Òun ni ó ń bá Tálákà Pàrápọ̀ ti Ìlọrin ṣe, òun ni ó sì ń bá UMBC, ẹgbẹ́ àwọn ará Àárín Gbùngbùn tí Joseph Tarka jẹ́ olórí rẹ̀, ṣe.

Lójú tèmi, ó jèrè nínú rẹ̀, ó sì pàdánù. Ó rí ẹgbẹ́ tí yóò gbé àbá rẹ̀ dé gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò Òkè Ọya, tí wọn kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, tún pín sí méjì, àwọn tálákà Yerwa tí wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ Aminu Kano sì ní láti kọ́ bí a ti ń fẹ́ràn ẹni tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. NPC kò nílò ìbùkún tí ó ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1959 Àríwá gba ìjọba ara rẹ̀, òmìnira gbogbo Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e ní ọdún kejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, N.A. kò lọ. Nígbà tí ìbò Ilé Ìgbìmọ̀ Àríwá ti ọdún 1961 dé, NPC kó 160 nínú ìjókòó 170. Mẹ́sàn-án péré ni ó kan Action Group, ẹyọ kan sì ni ti NEPU. Ibrahim Imam wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yerwa ni ó rán an. Agbègbè kan ní ilẹ̀ Tiv ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kànúrí ni, Mùsùlùmí ni, ọmọ ìlú tí ó ti ní ọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Tiv wà ní etí odò Benue lọ́hùn-ún. Wọn kò ní ọba ńlá kan rí títí àwọn òyìnbó fi dá oyè Tor Tiv sílẹ̀ ní ọdún 1946, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Kristẹni tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó pa wọ́n pọ̀: N.A. tí ó wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, àti Kàdúná tí ó di N.A. náà mú. Ní ọdún 1960, ọdún kan ṣáájú ìbò yìí, àwọn Tiv ti fi iná sun ilé àwọn aṣojú NPC àti ti N.A. kiri ilẹ̀ wọn. Tarka àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rí i pé ohùn ọmọ Yerwa yìí kò gbọdọ̀ dákẹ́ nínú Ilé, wọ́n sì fún un ní ìjókòó láàárín wọn. Bóyá ní Nàìjíríà òde òní a óò tún rí irú rẹ̀, tí ẹ̀yà kan yóò mú ẹ̀yà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, tí wọn yóò ní kí ó lọ gbẹnu sọ fún àwọn, mo ṣiyèméjì.

Ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó wó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962 ìjà Action Group di ti àga fífọ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ gba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Borno kò ní ẹ̀yìn mọ́. Kashim Ibrahim, tí òun fara mọ́ NPC ní tirẹ̀, ti di Waziri Borno, ó sì di Gómìnà Àríwá ní ọdún 1962. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú pátá.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Maiduguri sì ni olú ìlú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni àwọn Tiv bọ́ sínú ìpínlẹ̀ Benue-Plateau. Kò sí àbá tí ẹnikẹ́ni dá, kò sí ìbò tí ẹnikẹ́ni dì. Ogun abẹ́lé ni ó ń kanlẹ̀kùn, ọ̀gágun kan ka àṣẹ lórí rédíò, ohun tí wọ́n fi ń pe Ibrahim Imam ní ọ̀dàlẹ̀ sì di òfin ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní oṣù kejì ọdún 1976 Murtala Muhammed tún pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta, Bauchi, Gongola àti Borno.

Tarka kú ní ìlú London ní òpin oṣù kẹta ọdún 1980. Ibrahim Imam tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ní Maiduguri lọ́dún náà, Mohammed Goni ni ó wà lórí àga gómìnà, láti inú ẹgbẹ́ GNPP, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba Èkó, ará ìlú ni wọ́n sì dìbò yàn án, lọ́kùnrin lóbìnrin.